Orí Kẹfà: Ara Ènìyàn Lẹ́nu Eré Ọlọ́nà Jíjìn, Nínú Ooru, Nínú Òtútù àti Lórí Òkè Gíga

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí agogo méjìlá òru lù, obìnrin 68 gbéra sọ eré Máratọ́ọ̀nù ti ìdíje àgbáyé ní ìlú Doha, lórílẹ̀-èdè Qatar. Òru ni wọ́n fi eré náà sí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Oòrùn ti wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru kò bá a lọ: ó lé ní 30°C, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú àwọn obìnrin náà ni kò parí eré. Ruth Chepngetich, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gbapò kìíní, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 32 ló sì gbà á. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 17 ló fi sá irú eré yìí ní Dubai.

Ẹsẹ̀ kan náà ni, ọkàn kan náà ni, oṣù mẹ́jọ péré ló wà láàárín. Ibi tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn gbà lọ ni a óò tọpa nínú orí yìí.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju bíi lítà márùn-ún lọ. Nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn a máa tú nǹkan bíi lítà márùn-ún jáde ní ìṣẹ́jú kan. Tí a bá ń sáré kíkankíkan, ó lè tó lítà 20 sí 25, ti àwọn ògbóǹkangí eléré sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Iṣan ẹsẹ̀ ń bèèrè tirẹ̀, awọ ara ń bèèrè tirẹ̀ kí ooru lè jáde, ọpọlọ àti ìfun náà kò sì yé bèèrè. Ó dà bí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí gbogbo ojúlé inú agboolé ń pọn. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá rọrùn, omi á kárí. Tí ooru bá mú gan-an, tí òtútù bá le, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́lẹ́, ojúlé kan yóò pọn tirẹ̀ tán, òmíràn yóò sì wà láìrí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí eléré fi ṣubú, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀yà ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́.

Ooru

Iṣan ẹsẹ̀ kì í ná gbogbo agbára inú oúnjẹ sórí eré. Nínú kálórì mẹ́rin tó bá jó, bí ẹyọ kan ló ń di ìrìn. Mẹ́ta yòókù á di ooru. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Eléré tó wọn kìlógíráàmù 60 a máa ná bíi kálórì 60 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bó bá sá kìlómítà 16 ní wákàtí kan, ó ti ná 960, nǹkan bíi 720 nínú rẹ̀ ló sì di ooru. Èyí jẹ́ kálórì 12 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kálórì 50 péré ló tó láti fi 1°C kún ìgbóná ara ẹni tó wọn bẹ́ẹ̀. Ká ní ooru náà kò rí ọ̀nà jáde rárá, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin ni ara rẹ̀ yóò máa fi ìwọ̀n kan gbóná sí i. Láti 37°C, kò ní tó ìṣẹ́jú 15 tí yóò fi kọjá 40°C, níbi tí ewu gidi ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń gbà á là ni òógùn. Ẹ̀jẹ̀ á gbé ooru láti inú iṣan wá sí abẹ́ awọ, òógùn á sì gbé e kúrò lára. Lítà òógùn kan, bó bá gbẹ sínú afẹ́fẹ́, máa ń kó bíi kálórì 580 lọ. Gbígbẹ yìí gan-an ni iṣẹ́ náà. Òógùn tó bá kán sílẹ̀ ti ṣòfò: omi ti kúrò lára, ooru ṣì wà níbẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin, kò sí ibi tí òógùn máa gbẹ sí, ìyẹn ló sì fà á tí òru Doha fi le ju ọ̀sán ibòmíràn lọ. Èkó náà mọ irú ooru yìí dáadáa. Máratọ́ọ̀nù Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, oṣù Kejì ni wọ́n máa ń sá a, ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láti Pápá Ìṣeré tó wà ní Surulere. Àwọn tó yára jù á ti parí kí oòrùn tó gòkè. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò dánra wò tó, ni yóò pàdé ooru ọjọ́ náà lójú pópó. Àwọn ni mò ń bẹ̀rù fún ju àwọn aṣáájú lọ.

Ooru gbígbẹ ní ìwà tirẹ̀. Ní àfonífojì Death Valley ní California, àwọn eléré máa ń sá eré Badwater, kìlómítà 217, nínú oṣù Keje, níbi tí ooru ti máa ń sún mọ́ 50°C. Láti ibi tó fi mítà 86 lọ sílẹ̀ ju ojú òkun ni wọ́n ti ń gbéra, ẹ̀bá òkè Whitney ni wọ́n sì ń parí rẹ̀. Níbẹ̀, òógùn á gbẹ kí ojú tó rí i. Ara ń tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n eléré lè sọ lítà omi kan sí méjì nù láàárín wákàtí kan kí aṣọ rẹ̀ má sì tutù. Ohun kejì ni pé afẹ́fẹ́ tó gbóná ju awọ lọ kò gba ooru lọ́wọ́ ara mọ́. Òun gan-an ló ń fi ooru kún un.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nínú ooru tó mú gan-an, awọ nìkan lè gba tó lítà méje tàbí mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan. Òógùn sì ń fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sínú ọkàn ń dínkù, èyí tí ọkàn ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà sì ń dínkù. Kí ohun tó ń tú jáde má baà wálẹ̀, ọkàn á máa lù léraléra sí i, bí eré kò tilẹ̀ yá sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní aago tó ń ka lílù ọkàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí èyí: kó sáré ní ìwọ̀n kan náà fún wákàtí kan lọ́sàn-án, kó wo bí iye náà ṣe ń gòkè láti ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún títí dé òpin. Ìfun ni ara kọ́kọ́ ń fi ẹ̀jẹ̀ du. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ìfun dáadáa fún ìgbà pípẹ́, ògiri rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jò, májèlé láti ara kòkòrò inú rẹ̀ á sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èébì àti inú rírun tí àwọn eléré máa ń ní kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀.

Tí ìgbóná inú ara bá kọjá 40°C, tí ọpọlọ sì ti dà rú, tí ẹni náà ń sọ ìsọkúsọ, tó ń bínú láìnídìí, tó ń rìn bí ọ̀mùtí tàbí tó dákú, ìkọlù ooru nìyẹn, ó sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ní Los Angeles lọ́dún 1984, nínú Máratọ́ọ̀nù àwọn obìnrin àkọ́kọ́ nínú eré Òlíńpíìkì, Gabriela Andersen-Schiess tó ń sá fún Switzerland wọ pápá pẹ̀lú ara tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá òsì rẹ̀ ń fì bí aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò fẹ́ tẹ̀. Ìyípo kan tó kù gbà á ní ìṣẹ́jú tó lé ní márùn-ún. Àwọn dókítà ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n rí i pé òógùn ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ó parí ní ipò 37, ara rẹ̀ sì yá láìpẹ́. Orí bá a ṣe é. Lónìí a mọ̀ pé àmì yẹn kò ṣeé gbára lé: ẹni tí ìkọlù ooru mú lẹ́nu eré lè ṣì máa làágùn bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ wo ìwà àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ má wo awọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń tọ́ka sí iwájú orí láti ka ìgbóná kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ihò ìdí ni a ti ń mọ ìgbóná inú ara ní òtítọ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò nílò oògùn. Omi yìnyín ni. Ẹ gbé ẹni náà sínú ọpọ́n ńlá tàbí agbada tí omi àti yìnyín kún, kí ó dé ọrùn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí ẹ sì máa ru omi náà pọ̀. Ìgbóná gbọ́dọ̀ wálẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgbà tó bá tutù ni a tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, kì í ṣe ṣáájú. Ní eré Falmouth ní Massachusetts, tí wọ́n ń sá nínú oṣù Kẹjọ, àkọsílẹ̀ ọdún 18 fi hàn pé ènìyàn 274 ni ìkọlù ooru mú. Inú omi yìnyín ni wọ́n gbé wọn sí ní ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà ibẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó kú. Ọpọ́n, omi àti yìnyín kò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá lè ra ife-ẹ̀yẹ àti aṣọ aláràbarà fún ìdíje láàárín àwọn ilé, tó sì ń mú ọmọ tò sójú oòrùn aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹta, yẹ kó lè ní àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí nítòsí. Inú mi kì í dùn sí àwáwí kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ara sì ṣeé kọ́. Bí eléré bá fi ọjọ́ 7 sí 14 dánra wò nínú ooru, wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù á dínkù, òógùn á tètè bẹ̀rẹ̀, á sì pọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dínkù. Ṣùgbọ́n ohun tí ara kọ́ yìí kì í pẹ́ gbàgbé: bí ó bá kúrò nínú ooru, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ti lọ. Ọmọ Èkó tó fi ìgbà òtútù kan gbé Manchester kò gbọ́dọ̀ rò pé ooru ilé ṣì mọ́ òun lára bó ṣe mọ́ ọn kó tó lọ.

Omi àti iyọ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ fún àwọn eléré pé kí wọ́n mu omi bí wọ́n bá ti lè mu ún tó, kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ìmọ̀ràn yẹn ti pa ènìyàn. Nínú Máratọ́ọ̀nù Boston ti ọdún 2002, àwọn oníwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ eléré 488 wò ní ìparí: ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì wúwo sí i nígbà tí wọ́n parí ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ni ewu náà pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá sáré kìlómítà 42 tó sì wúwo sí i ti mu omi ju èyí tó làágùn lọ. Lẹ́nu iṣẹ́ pípẹ́, họ́mọ́ọ̀nù kan a máa dá kíndìnrín dúró kó má tú omi jáde, nítorí náà omi á ṣẹ́ jọ, iyọ̀ á di fẹ́lẹ́, omi á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ọpọlọ á wú. Orí fífọ́, èébì, ìdàrú, gìrì: àwọn àmì náà jọ ti ìkọlù ooru débi pé ẹni tí kò mọ̀ á tún fún un lómi mu. Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ yín. Ẹ wọn ara yín ṣáájú àti lẹ́yìn ìdánrawò, kí ẹ mọ iye tí ẹ ń sọ nù.

Òtútù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí rò pé òtútù kò kàn wọ́n. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá rin òkè tàbí tó bá sáré nínú òjò àti ìjì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, eléré 172 gbéra sọ eré kìlómítà 100 ní agbègbè Baiyin, ìpínlẹ̀ Gansu, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ṣòkòtò penpe àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, tí wọ́n wà lórí òkè tí ọkọ̀ kò lè dé, òjò tó tutù bíi yìnyín àti ìjì líle dé bá wọn. Mọ́kànlélógún ló kú, Liang Jing, ọ̀kan nínú àwọn eléré ọlọ́nà jíjìn tó dára jù ní Ṣáínà, sì wà lára wọn. Olùṣọ́ àgùntàn kan tó sá sínú ihò àpáta nítorí òjò ló gba ẹ̀mí mẹ́fà là, ó dáná fún wọn, ó sì fi aṣọ bò wọ́n.

Báwo ni ẹni tí iṣan rẹ̀ ń ṣe kálórì ooru 12 ní ìṣẹ́jú kan ṣe lè kú nítorí òtútù? Ìdí ni pé ó ń ṣe é níwọ̀n ìgbà tó bá ń sáré nìkan. Nígbà tí òkè bá ga, tí ẹsẹ̀ bá rẹ̀, tí sáré di ìrìn, ooru tó ń ṣe á dín sí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ní wákàtí tó nílò rẹ̀ jù. Aṣọ ti tutù, omi sì ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ti afẹ́fẹ́. Ara ní ààbò méjì. Ó á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè wà nínú àyà àti orí. Ó á sì máa gbọ̀n, èyí tó lè mú ooru jáde tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tó jókòó. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí iṣan fi ń gbọ̀n náà ni èyí tí eléré ti fi sáré láti àárọ̀. Nígbà tó bá tán, gbígbọ̀n á dáwọ́ dúró, èyí sì burú ju kó máa gbọ̀n lọ.

Ẹ kíyèsí ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó fi ọwọ́ sílẹ̀ sọ ìka di igi. Eléré lè ní ẹ̀wù òjò nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀ kó má sì lè fa síìpù rẹ̀. Nítorí náà, kí ọwọ́ tó kú ni a ń wọ aṣọ, kí ebi tó pa ni a ń jẹun. Tí ìgbóná inú ara bá lọ sílẹ̀ ju 35°C lọ, ẹsẹ̀ á máa kọ, ọ̀rọ̀ á máa ta kókó lẹ́nu, ẹni náà á sì sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ fi èyí tó gbẹ wé e, ẹ fún un ní ohun mímu gbígbóná tó dùn bó bá lè gbé e mì. Ẹ má ra á lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ má sì gbé e jánkájànka, torí ọkàn tó ti tutù lè dáwọ́ dúró lójijì.

Òkè gíga

Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ló jẹ́ ọ́síjìn, ní etí òkun Badagry àti lórí òkè Everest bákan náà. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dínkù bí a bá ṣe ń gòkè. Mexico City, tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ọdún 1968, wà ní mítà 2,240, ìtì yẹn sì ti dín sí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ron Clarke ará Ọsirélíà ló ni àkọsílẹ̀ eré tó yára jù lágbàáyé fún 10,000 mítà nígbà náà, ìṣẹ́jú 27 àti àáyá 39. Naftali Temu, tí wọ́n bí lórí ilẹ̀ gíga Kẹ́ńyà, ló gba góòlù ní ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 27, Clarke sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn tó dé ipò kẹfà, wọ́n ní láti fún un ní ọ́síjìn. Kip Keino, ọmọ Kẹ́ńyà, fi àáyá tó sún mọ́ mẹ́ta ju Jim Ryun ará Amẹ́ríkà nínú 1,500 mítà. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ yẹn kan náà ló ran Bob Beamon lọ́wọ́ láti fò mítà 8.90 nínú ìdíje ìfò jíjìn, nítorí ẹni tó ń fò kò nílò ọ́síjìn láàárín àáyá díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì fẹ́lẹ́ níwájú rẹ̀.

Ìdáhùn ara sí òkè ń wá ní ìpele, kò sì ṣeé kánjú. Láàárín wákàtí díẹ̀, mímí á yára. Mímí púpọ̀ a máa lé kábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì jáde, ẹ̀jẹ̀ á pàdánù ásíìdì rẹ̀, kíndìnrín á sì lo ọjọ́ bíi mélòó kan láti tún un ṣe nípa ìtọ̀. Kíndìnrín kan náà á tú họ́mọ́ọ̀nù tó ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn egungun pé kó ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni èyí ń gbà kó tó hàn. Ẹni tó bá gòkè ju ìyára ara rẹ̀ lọ lè rí omi nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ wíwú. Ìtọ́jú méjèèjì kan náà ni: kó sọ̀ kalẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ní òru tàbí ní ọ̀sán. Lókè mítà 3,000, kí ibùsùn alẹ́ kan má fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ.

Bí a ṣe lè lọ jìnnà tó yani lẹ́nu. Reinhold Messner àti Peter Habeler dé orí Everest láìlo ìgò ọ́síjìn ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1978, níbi tí ìtì afẹ́fẹ́ ti jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti etí òkun. Lọ́dún 2007, àwọn dókítà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà dúró ní mítà 8,400, wọ́n tú aṣọ ara wọn, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan. Ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá rí bíi tiwọn ni a óò sáré gbé lọ síbi tí ẹ̀rọ yóò ti máa bá a mí. Àwọn yìí ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì mú abẹ́rẹ́ dání. Ọ̀sẹ̀ tí ara fi kọ́ díẹ̀díẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bí a bá gbé ènìyàn láti etí òkun lọ síbẹ̀ lójijì, yóò dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Oúnjẹ

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1992 dé oṣù Kejì ọdún 1993, Ranulph Fiennes àti dókítà Mike Stroud fi ẹsẹ̀ la Antarctica kọjá, wọ́n ń fi okùn wọ́ ẹrù tiwọn fúnra wọn lórí yìnyín. Stroud ń wọn iye agbára tí wọ́n ń ná, ó rí i pé ní àwọn ọjọ́ kan ó ju kálórì 10,000 lọ. Nǹkan bí 5,000 ni wọ́n ń jẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rù ju kìlógíráàmù 20 lọ, kì í sì í ṣe ọ̀rá nìkan ló lọ. Ẹran iṣan náà wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 lórí àwọn eléré tó sáré la Amẹ́ríkà kọjá fún oṣù mélòó kan tọ́ka sí ibi tí òdiwọ̀n náà wà: tí iṣẹ́ bá ti di ti ọ̀pọ̀ oṣù, ara kò lè máa ná ju bí ìlọ́po méjì àbọ̀ iye tó ń ná lórí ìsinmi láìjẹ ara rẹ̀. Ó jọ pé ìfun kò lè fa ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí oúnjẹ pọ̀ tó.

Ìdánrawò

1. Eléré kan wọn kìlógíráàmù 75, ó ń sá kìlómítà 12 ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò iye ooru tó ń ṣe, àti lítà òógùn tó gbọ́dọ̀ gbẹ lára rẹ̀ kí ìgbóná rẹ̀ má baà gòkè. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ìdajì òógùn náà bá kán sílẹ̀?

2. Eléré méjì ṣubú ní kìlómítà 38, àwọn méjèèjì ń sọ ìsọkúsọ. Ìgbóná ọ̀kan jẹ́ 41.2°C. Ti èkejì jẹ́ 37.8°C, ó sì fi kìlógíráàmù kan wúwo ju bó ṣe gbéra lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, àti ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fún ẹni kejì.

3. Ẹgbẹ́ eléré kan láti Ìbàdàn fẹ́ sá 10,000 mítà ní Addis Ababa. Owó tó wà lọ́wọ́ á gbé wọn lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú eré fún gbogbo ẹgbẹ́, tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú fún ìdajì wọn. Èwo ni ẹ máa mú, kí sì ni ẹ máa sọ fún àwọn tó máa dúró sílé?